Ohùn Kì Í Dé Ìsàlẹ̀ Kànga

Láràárọ̀ ni mo máa ń búra ní ẹ̀ẹ̀rùn yẹn pé bí ẹnì kan bá tún kan ilẹ̀kùn wa pẹ̀lú korobá òfìfo lọ́wọ́, mi ò ní ṣí i. Kó kàn án títí ọwọ́ á fi bó. Kó pe ọkọ mi títí ohùn á fi há. Mi ò ní dìde níbi tí mo jókòó sí. Wọ́n á kàn án, màá sì dìde, nítorí pé bí èmi ò bá tètè dìde, ọkọ mi á dìde, bí òun bá sì fi lè dìde, ó tán nìyẹn.

Agbẹ́kànga lọkọ mi. Kì í ṣe ti àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lu ilẹ̀ o. Dígà, ṣọ́bìrì, okùn àti apá rẹ̀ méjèèjì ni. Láti ẹ̀gbẹ́ títì ńlá títí dé ẹ̀yìn ilé ìwé, ọgbà tí ẹ ó wọ̀ tí ẹ ò ní bá kànga tó gbẹ́ níbẹ̀ kò pọ̀. Kònígbẹ ni wọ́n ń pè é, ẹnu ara rẹ̀ ló sì fi sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, tí agbára ń pa á bí ọtí, kò sí kànga tó gbẹ́ parí tí kò ní dúró sí ẹnu rẹ̀, kó nu òógùn ojú, kó wá wí fún onílé pé: "Kànga tí mo bá gbẹ́, kò ní gbẹ láéláé. Bó bá gbẹ, ẹ wá pè mí. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láàyè, màá wá gbẹ́ ẹ sí i lọ́fẹ̀ẹ́."

Ẹ gbọ́ ọ? Láéláé. Lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ló bi í? Ta ló rán an níṣẹ́? Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ì bá ṣe pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ni, ǹ bá ti dákẹ́. Orúnkún rẹ̀ ni ọ̀ràn bá, ó bá àyà rẹ̀, ó wá bá èmi tí mo ń di okùn mú.

Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo ń di okùn mú fún un láti ìgbà tí a ti fẹ́ra. Ẹni tó bá wọ kànga, ọwọ́ ẹlòmíì ni ẹ̀mí rẹ̀ wà, ọkọ mi sì ti sọ ọ́ gbangba pé ọwọ́ tèmi nìkan lòun lè gbé tòun lé. Ó ní ọ̀pọ̀ ọkùnrin alágbára ló ń fi ojú wo ọmọge tó ń kọjá nígbà tí okùn ẹni ẹlẹ́ni wà lọ́wọ́ wọn. Á so okùn mọ́ ìbàdí, èmi á yí i po igi tí a gbé dábùú ẹnu kànga, màá fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, màá máa tú u fún un díẹ̀díẹ̀. Bó bá dé ìsàlẹ̀, okùn náà la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Bó bá fà á lẹ́ẹ̀kan, kí n fi okùn kejì fa korobá iyẹ̀pẹ̀ sókè. Bó bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, kí n fa òun fúnra rẹ̀. "Má wulẹ̀ máa pariwo," ló wí fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Ohùn kì í dé ìsàlẹ̀ kànga."

Mo gbà á gbọ́. Kí ló dé tí mi ò ní gbà á gbọ́? Ṣebí òun ló ń wọ̀ ọ́. Kí n sì má parọ́, ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi nínú. Èmi kì í sọ "ìwọ" sí ọkọ mi. "Ẹ̀yin" ni, "ẹ jọ̀ọ́" ni, "Bàbá wọn" ni, bí ìyá mi ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọlẹ̀ tí mi ò rí orí rẹ̀ mọ́, ẹnu mi á tú. "Ìwọ ọkùnrin yìí! Olóríkunkun! Ara ẹ ò yá, mo ní kó o sùn, o ò gbọ́! Òrùlé ilé ìdáná ń jò, o ò rí i, kànga ẹni ẹlẹ́ni lo rí! Wo bàtà ẹsẹ̀ mi, ó ti yanu bí ọ̀nì!" Gbogbo ohun tí mi ò lè wí lójú rẹ̀, orí kànga ni mo ti ń wí i tẹ́rùn. Bó bá wá jáde, màá nu ẹnu mi nù, màá ní, "Ẹ kúuṣẹ́ o, Bàbá wọn." Òun náà á ní, "O ṣeun, Ìyá wọn." Ọ̀rọ̀ bàtà yẹn ò pẹ́ tó fi ra bàtà tuntun wálé fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi hàn án.

Ẹ jẹ́ kí n má dá a lẹ́bi kọjá bó ṣe yẹ. Lóòótọ́ ni pé kànga rẹ̀ kì í gbẹ tẹ́lẹ̀, ó sì nídìí. Ọkọ mi kì í gbẹ́ kànga lásìkò òjò, ẹ ì báà fún un ní gbogbo ayé. Ó ní omi ìgbà òjò, omi àlejò ni, kò ní pẹ́ kó tó padà sílé. Á dúró títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi fẹ́ parí, tí igi ńlá ìkóríta wa á wọ́wé tán, tí odò ẹ̀yìn ilé ìwé á ku òkúta, tí òjò àkọ́kọ́ á ti máa ṣú lókèèrè. Ìgbà yẹn ni omi ti sá dé ibi tó jìn jù tó lè sá dé. Ìgbà náà ni á mú dígà. Níbi tó bá ti bá omi, á tún gbẹ́ ìdúró odindi ọkùnrin kan kọjá ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn wo ló máa wá le ju ìparí ẹ̀ẹ̀rùn lọ? Ohun tó gbójú lé tó fi ń fọ́nnu nìyẹn.

Àṣé ìgbà ò lọ bí òréré. Láti bí ọdún mélòó kan báyìí ni òjò ti ya wèrè. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè pè é. Á ṣú dùdù, atẹ́gùn á máa ti ilẹ̀kùn gbàgà gbàgà, a ó sáré kó aṣọ lórí okùn, á wá kán tó, tó, tó, bí ìgbà tí èèyàn ń wọ́n omi sílẹ̀ kó tó gbálẹ̀. Ó tán. Oṣù tó yẹ kó máa rọ̀, oòrùn ni. Oṣù tí kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́, á wá da gbogbo ohun tó ti ń fi pamọ́ lé wa lórí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Gọ́tà á kún, títì á di odò, omi á gba iwájú ilé wa kọjá bí ẹni tí wọ́n ń lé, kò tiẹ̀ ní dúró kí ilẹ̀ mu díẹ̀ nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, eruku. Rédíò ní ayé ń gbóná ni, pé ìyẹn ló ń da ojú ọjọ́ rú. Ọmọbìnrin wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì sọ bẹ́ẹ̀ náà lórí fóònù. Ó ní, "Màmá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan o, gbogbo ayé ni." Mo ní ṣé gbogbo ayé náà ló ń kan ilẹ̀kùn mi ni?

Ìyá oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ kàn án. Òun ló ni ilé búrẹ́dì tó wà ní òpópónà kejì, obìnrin tó sanra, tó máa ń ní ìyẹ̀fun nírun ojú. Kànga rẹ̀ ò tíì pẹ́. Ọkọ mi gbẹ́ ẹ bó ṣe máa ń gbẹ́ ẹ: igi ìkóríta ti wọ́wé, òjò ti ṣú lókèèrè, ó sáré gbẹ́ ẹ parí, ó sọ gbólóhùn rẹ̀ tó máa ń sọ, gbogbo wa sì jẹ búrẹ́dì gbígbóná lọ́jọ́ náà. Òjò tó ṣú ọ̀hún ò rọ̀. Ó tan ọkọ mi jẹ. Ẹ̀ẹ̀rùn tí a rò pé ó ti parí kò tíì dé ìdajì.

"Bàbá Kònígbẹ," obìnrin náà wí, ó sì da korobá rẹ̀ dorí kodò kí á rí i, "ó ti gbẹ o. Mi ò rí omi po ìyẹ̀fun."

Ọkọ mi gbé oúnjẹ tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì láìjẹ ẹ́. Mo ní, "Ẹ jẹun tán ná." Ó ti ń wá bàtà.

Nígbà tí a gbẹ́ ti ìyá oníbúrẹ́dì sí i tán, ìròyìn ti kárí. Ẹni tí tirẹ̀ gbẹ wá, ẹni tí omi tirẹ̀ ń lọ sílẹ̀ wá, ẹni tí tirẹ̀ ò tíì ṣe nǹkan kan náà wá pé kí á wá wò ó kó tó gbẹ. Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ bí ẹni tó ń jà. Wọ́n á kàn ní, "Ẹ rántí ohun tẹ́ ẹ sọ nígbà yẹn." Ṣé ẹ mọ̀ pé bí èèyàn bá sọ òótọ́, wọn kì í rántí? Ọ̀rọ̀ ìfọ́nnu yìí, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n sórí! A ó gbẹ́ ti òkè, ti ìsàlẹ̀ á gbẹ. A ó gbẹ́ ti ìsàlẹ̀, omi tí a lé bá lókè á tún sá síwájú sí i. Wọ́n ní omi ò lọ́tàá. Irọ́ ni. Èmi ni ọ̀tá rẹ̀, kí wọ́n lọ bá mi sọ fún un.

Ọkọ mi kì í ṣọmọdé mọ́. Orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ikọ́ tó ń wú, kì í ṣe ti òtútù. Nọ́ọ̀sì wa wálé wá wò ó, ó gbé irin àyẹ̀wò lé e láyà, ó lé e lẹ́yìn, ojú rẹ̀ yí padà. Ó fà mí wọ ilé ìdáná.

"Màmá, eruku ti ba àyà Bàbá jẹ́. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n wọ kànga mọ́."

"Ṣé èmi ni mò ń rán wọn lọ?"

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń di okùn mú. Bí wọ́n bá tún ń wọ̀ ọ́, màámi, mi ò ní tàn yín, lọ́jọ́ kan, òkú lẹ máa fi ọwọ́ ara yín fà sókè."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára bí omi yìnyín. Mo lọ bá a níbi tó ti ń pọ́n ẹnu dígà rẹ̀.

"Bàbá wọn, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Ẹ lọ sọ fún àwọn èèyàn yìí pé òjò tí ẹ gbójú lé ti kó kúrò láàárín wa. Kò sẹ́ni tí kò ní gbọ́."

"Mi ò ṣèlérí fún òjò. Èèyàn ni mo ṣèlérí fún."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ gbé omi lọ ni?"

"Ṣé àwọn ló ní kò ní gbẹ ni? Èmi ni. Ẹnu mi nìyí."

"Ẹnu yẹn! Ká ní mo ní abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, ǹ bá ti rán an pa."

Ó rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń bí mi nínú jù lára ọkùnrin yìí nìyẹn. Ẹ bínú sí i títí, ẹ̀rín ni á fi dá yín lóhùn, á sì ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Lọ́jọ́ kejì, a wà ní ilé tíṣà.

Tíṣà yìí ń gbé lẹ́yìn ilé ìwé, kànga rẹ̀ sì ti pẹ́. Ríìngì kọnkéré tó wà nínú rẹ̀ kò dé ìsàlẹ̀, ilẹ̀ lásán ni ìdajì. Ọkọ mi wọ̀ ọ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú u bí ìṣe mi, tíṣà ń fi ojú wò mí bí ẹni pé orí mi dàrú. Ni mo gbọ́ "gbì!" Ilẹ̀ tó bá ti gbẹ jù kì í di ara rẹ̀ mú mọ́, ó ya lára ògiri kànga. Eruku rú jáde lẹ́nu kànga bí èéfín. Okùn dẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Mo pariwo. Mo mọ̀ pé kò lè gbọ́, ẹnu mi ni kò mọ̀. "Ìwọ ọkùnrin yìí! O ò ní kú mọ́ mi lọ́wọ́! Alágídí! Olórí òkúta! Ta lo fẹ́ fi mí sílẹ̀ fún? Dìde níbẹ̀! Dìde, mo ní kó o dìde, òpònú ọkùnrin, dìde kí n rí ẹ bú!" Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Mo kàn mọ̀ pé mo ń bú u, omi ń bọ́ lójú mi, mo tún ń bú u. Ni okùn bá mira. Ó fà á lẹ́ẹ̀mejì, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́.

Èmi àti tíṣà la jọ fà á jáde. Iyẹ̀pẹ̀ ti bò ó látorí délẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ nìkan ló kù tó dà bí ti èèyàn. Ó wúkọ́, ó wúkọ́, ó tutọ́ iyẹ̀pẹ̀, ó wá ní, "Ṣọ́bìrì mi ṣì wà nísàlẹ̀."

Ṣọ́bìrì! Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará ayé! Ṣọ́bìrì!

Mo ká okùn níbẹ̀, mo gbé e lé èjìká, mo lọ sílé. Mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lápá ibi tí mo ń sùn sí. Nígbà tó wọlé, mo wí fún un pé: "Mo ti di okùn mú tó. Ẹ wá ẹlòmíì." Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Okùn wà ní gbogbo ọjà, ṣùgbọ́n kò ní wọ kànga lọ́wọ́ ẹlòmíì láéláé. Ó wò mí títí, ó jókòó, kò sì rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

Bí mo ṣe gba ọkọ mi lọ́wọ́ kànga nìyẹn. Ẹ wá wo ohun tí mo gbà. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ òrùlé iwájú ilé bí ẹrù tí onílé gbàgbé. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, á fẹ́ dìde, màá wò ó, á jókòó padà. Èmi ni mo ń dá wọn lóhùn: ara Bàbá ò yá. Àwọn kan ṣe pẹ̀lẹ́, àwọn kan yínmú. Àwọn ọmọ tó ń ti ilé ìwé bọ̀ sọ ọ́ di orin, "Kònígbẹ ti gbẹ! Kònígbẹ ti gbẹ!" Mo fi ìgbálẹ̀ lé wọn, wọ́n sá, wọ́n tún padà wá. Ìyá oníbúrẹ́dì, tí kànga rẹ̀ ti tún gbẹ, bẹ̀rẹ̀ sí í ra omi lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ omi, búrẹ́dì rẹ̀ wá kéré. Bó bá pàdé mi lọ́nà, á ní òun ò bínú. Ẹni tí kò bínú kì í sọ ọ́ lójoojúmọ́. Ọkọ mi ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì. Kò jẹun dáadáa mọ́. Mo sè é ní gbígbóná, ó tutù níwájú rẹ̀. Mo bínú sí i nítorí kànga, mo tún ń bínú sí i nítorí àìwọ kànga. Ó sú mi!

Ó wá ku kànga tiwa. Èyí tó wà láàárín ọgbà wa ni kànga àkọ́kọ́ tó dá gbẹ́ láyé rẹ̀, kí á tó fẹ́ra. Kò jìn, nítorí apá ọ̀dọ̀ wa lọ sísàlẹ̀ díẹ̀. Ríìngì kọnkéré ló tò sí i látòkè délẹ̀, ó sì lu ihò ẹsẹ̀ sí wọn lára bí àkàsọ̀. Gbogbo kànga àdúgbò ń gbẹ, tiwa ò mira. Mo máa ń wí fún àwọn tó ń ráhùn pé kí wọ́n ní sùúrù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rẹ aṣọ sínú ọṣẹ, mo ju korobá sí kànga. Kàkà kó dún bí ohun tó bọ́ sínú omi, ó dún kọ̀ọ́.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ọkọ mi ti dé ẹ̀yìn mi. Ó mọ ìró yẹn ju ohùn àwọn ọmọ rẹ̀ lọ.

"Gbé okùn wá," ó ní.

"Fún ta ni?"

"Kànga mi ni. Kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni."

"Ẹ fi ẹsẹ̀ kan ihò àkọ́kọ́ yẹn kẹ́ ẹ wò ó. Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ni màá sùn lónìí."

"Kí la máa wá mu?"

Mo wo aṣọ inú ọṣẹ, mo wo orúnkún rẹ̀, mo wo kànga. Inú wá bí mi débi pé ó tán. Mo wọlé lọ, mo wọ ògbólógbòó ṣòkòtò rẹ̀ kan, mo fa okùn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyá wọn, má ya wèrè."

"Ẹ̀yin náà ti ń ya á láti ọjọ́ yìí wá, kò sẹ́ni tó dì yín lókùn. Èmi ni mo tiẹ̀ ń di okùn mú fún yín. Ẹ gbà, ó di ọwọ́ yín."

Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó wo ojú mi, ó gbà á. Òun fúnra rẹ̀ ló so ó mọ́ mi ní ìbàdí. Ó so ó, ó tú u, ó tún un so. "Ẹ̀ẹ̀kan, korobá," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀mejì, ìwọ." Mo ní ṣé èmi ló fẹ́ kọ́ ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, iṣẹ́ yìí le. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni òtútù ń gun ẹsẹ̀ mi, ẹnu kànga ń kéré, ó kù bí abọ́. Mo tẹ ẹrẹ̀. Mo mú ọkọ́ kékeré, mo gbẹ́ díẹ̀, apá mi ti ń bẹ̀ mí. Mo kó ẹrẹ̀ kún korobá, mo fa okùn lẹ́ẹ̀kan, ó fà á lọ. Mo tún kó òmíràn. Ọkùnrin yìí ló ti ń ṣe irú èyí láti ìgbà èwe rẹ̀!

Ni mo gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. Mo yíjú. Ògiri ni.

"Jẹ́jẹ́, obìnrin yìí," ohùn náà ní, "má fi ìbínú gbẹ́ ẹ."

Ọkọ mi ni. Kò pariwo o. Lókè lọ́hùn-ún, ó ń dá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó sì ń dún sí mi bí ẹni pé a jọ sùn sórí ìrọ̀rí kan náà. Mo di ère. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró bàtà, mo gbọ́ ohùn ìyá oníbúrẹ́dì.

"Bàbá Kònígbẹ, ẹ káàárọ̀. Ta ló wà nísàlẹ̀?"

"Ìyá wọn ni."

"Háà! Ẹ jẹ́ kí obìnrin wọ kànga?"

"Ta ló tó bẹ́ẹ̀ tó ń jẹ́ kí obìnrin yìí ṣe nǹkan?"

Gbogbo ara mi gbóná nínú òtútù yẹn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ lórí kànga láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá bá mi níkọ̀ọ̀kan. Olóríkunkun. Òpònú. Ìwọ, ìwọ, ìwọ. Ohun tí mo sọ nípa ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ kan! Bàtà tuntun. Kì í ṣe Ọlọ́run ló fi hàn án. Ó gbọ́ ọ, gbogbo rẹ̀ pátá ló gbọ́, á sì jáde, á ní, "O ṣeun, Ìyá wọn." Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì, inú ilẹ̀ náà ni mo sì ti wà.

"Kànga tèmi wá ńkọ́?" ìyá oníbúrẹ́dì bèèrè.

Ọkọ mi sún mọ́ ẹnu kànga, mo rí òjìji orí rẹ̀.

"Mi ò ní wá, ìyá oníbúrẹ́dì. Ẹ bá mi sọ fún àwọn yòókù. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn, òjò àtijọ́ ni mo fi sọ ọ́, òjò náà ò sí mọ́. Mo ti ṣèlérí ohun tí kò sí níkàáwọ́ mi. Bí òjò bá fi lè rọ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ gbé àgbá sábẹ́ gbogbo òrùlé yín. Kànga nìkan ò lè gbà wá mọ́."

"Ẹ̀yin lẹ ń sọ báyìí?"

"Ẹ̀rù ń bà mí," ọkọ mi ní. Mi ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. "Láti ìgbà kànga tíṣà ni. Ilẹ̀ bò mí, ojú mi ṣókùnkùn, mi ò mọ ibi tí òkè wà mọ́, mi ò mọ ibi tí ìsàlẹ̀ wà. Ohùn ìyàwó mi ni mo gbọ́. Ó ń bú mi. Ibi tí èébú yẹn ti ń bọ̀ ni mo kọjú sí, mo ń họ ilẹ̀ lọ síbẹ̀. Ká ní ó dákẹ́ lọ́jọ́ náà, ǹ bá ti kú."

Mo fi ọwọ́ ẹrẹ̀ bo ẹnu mi, mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé, mo sì gbìyànjú kó má dún, nítorí mo ti mọ̀ báyìí pé ohùn ń rìn nínú kànga. Ọkùnrin yẹn mọ̀ pé mò ń gbọ́. Ta ló tún máa mọ̀ ọ́n jù ú lọ? Nígbà tó yá, omi tútù bẹ̀rẹ̀ sí í sun sí mi láàárín ìka ẹsẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ wá. Kò pọ̀. Yóò tó wa mu, kò ní tó fọ aṣọ.

Mo fa okùn lẹ́ẹ̀mejì.

Òun àti ìyá oníbúrẹ́dì ló jọ fà mí jáde. Obìnrin náà wo ojú mi, ó gbé korobá rẹ̀, ó dágbére. Ọkọ mi ń tú okùn ní ìbàdí mi, kò wo ojú mi. Mo dúró títí ó fi tú u tán.

"Ṣebí ẹ sọ fún mi pé ohùn kì í dé ìsàlẹ̀ kànga," mo ní.

Ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn etí bí ẹni tí etí rẹ̀ di. "Kí lo wí?" ó ní. "Mi ò gbọ́."